Ìkómọjáde Ọmọ Ajá

Àwọn baba wa fi òfin tí ó yé tàgbà tèwe lélẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kíkó ọmọ jáde: ọmọbìnrin, ọjọ́ keje, ìbejì, ọjọ́ kẹjọ, ọmọkùnrin, ọjọ́ kẹsàn-án. Wọn kò dá ọjọ́ kankan fún ọmọ ajá, n kò sì lè bá wọn wí, nítorí pé ní ayé tiwọn, ọmọ ajá ni í kó ara rẹ̀ jáde. Ní ọjọ́ tí ojú rẹ̀ bá là, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbé e dúró, yóò ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ kọjá ìloro, yóò gbóòórùn ààtàn, àgbébọ̀ adìyẹ tí ó ní ọmọ lẹ́yìn yóò lé e wọlé padà, ètò parí nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò pe alága ìjókòó.

Àwa tí a ń gbé inú ẹ́síteètì ní Lẹ́kí ti tún gbogbo ìyẹn ṣe. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ọmọ ajá yóò bá fi ẹsẹ̀ kan títì fún ìgbà àkọ́kọ́, a ó ti gbọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú lórí WhatsApp, a ó mọ àwọ̀ aṣọ, a ó mọ aago, a ó sì mọ òpó iná tí ìwọ́de náà yóò dé kí ó tó yí padà. Mẹ́ta ni ó ti ṣojú mi láàárín ọdún yìí. Èyí tí mo fẹ́ ròyìn ni ti Snow, nítorí pé iwájú ilé mi gan-an ni ó ti bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì fi mí ṣe ẹlẹ́rìí láìbi mí.

Ìran husky ni Snow. Àwọn baba ńlá rẹ̀ ni wọ́n ń fa ọmọlanke tí kò ní táyà lórí yìnyín ní Siberia, níbi tí òtútù ti ń sọ odò di títì. Ìdí nìyẹn tí Ẹlẹ́dàá fi fi irun onípele méjì wọ̀ wọ́n, èyí tí ó rọ̀ ní abẹ́, èyí tí ó le ní òkè. Irú ẹ̀dá báyìí ni ẹnì kan rà wá sí Èkó, ìlú tí àwa tí a kò ní irun lára pàápàá ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara wa ní oṣù kẹta ọdún. Bí wọ́n bá mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ilé náà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké kí n tó tan àtùpà, kì í sì í ṣe nítorí ènìyàn. Mo fi ojú ara mi rí baálé ilé náà tí ó dìde kúrò lórí àga tí ó kọjú sí ẹ̀rọ amúlétutù, kí ọmọ ajá lè rí ibi na ẹsẹ̀ sí.

Ti orúkọ tilẹ̀ tún wà níbẹ̀. Àwọn ará ayé àtijọ́ mọ̀ pé orúkọ ajá wúlò fún ìjà. Ẹni tí ó bá ń bínú sí ará ilé rẹ̀ a sọ ajá rẹ̀ ní Tanímọ̀la tàbí Ẹ̀yìnlàárò, a wá dúró sí àárín agbo ilé ní ìrọ̀lẹ́, a máa fi ohùn rara pe ajá, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn a sì mọ ara rẹ̀. Snow kò bú ẹnikẹ́ni, àfi bóyá oòrùn. Síbẹ̀, ó ti gba ipò mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́: obìnrin tí gbogbo wa ti ń pè ní Ìyá Tọ́lá láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ti di Mọ́mì Snow, Tọ́lá tí ó ti wà ní yunifásítì kò sì rí nǹkan kan ṣe sí i.

Kí ọjọ́ ìjáde tó pé, wọ́n gbé Snow lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan tí ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wọn. Ó ní abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ máa ń wọlé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ, pé wọn yóò máa gba òmíràn ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin síra wọn títí ọmọ ajá yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16, àti pé ti dìgbòlugi yóò tẹ̀lé e ní nǹkan bí oṣù kẹta. Ó ní kòkòrò àrùn parvo, tí í fi ìgbẹ́ gbuuru ẹlẹ́jẹ̀ pa ọmọ ajá, lè fi ọ̀pọ̀ oṣù sá pamọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀ ibi tí ajá tí ó ní in ti yàgbẹ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ kí ojú ọmọ náà là sí ariwo ayé, kí wọ́n gbé e mọ́ àyà, kí wọ́n má sọ ọ́ kalẹ̀ sí títì. Mọ́mì Snow dáhùn pé àwọn ti gbọ́. Snow kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lọ nígbà náà. Ṣùgbọ́n aṣọ ti wà lọ́wọ́ télọ̀, wọn kò sì lè ní kí télọ̀ dáwọ́ dúró nítorí kòkòrò tí kò ṣe é fi ojú rí.

Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ Sátidé ni wọ́n dá. Ẹni tí ó bá ti sin ajá ní ilẹ̀ olóoru mọ̀ pé ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń mú un rìn, àti pé kí ènìyàn kọ́kọ́ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé ọ̀dà títì ná. Bí ọwọ́ kò bá gbà á, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá kò ní gbà á. Ṣùgbọ́n Tọ́lá, tí ó jẹ́ ayàwòrán ọjọ́ náà, ní ìmọ́lẹ̀ ìdájí kì í gbé àwọ̀ ara ènìyàn yọ. Kò sí ọwọ́ tí ó kan ọ̀dà. Fóònù ni gbogbo ọwọ́ dì mú.

Wọ́n ṣí géètì. Mọ́mì Snow ni ó kọ́kọ́ jáde, nínú aṣọ eré ìdárayá tuntun, bàtà kánfáàsì funfun tí kò tíì tẹ ilẹ̀ rí, awò dúdú, ìgò omi kan fún òun, ìgò omi kan fún ajá. Dádì Snow tẹ̀lé e pẹ̀lú agbòòrùn. Dírẹ́bà gbé àpò kan tí n kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ títí di òní. Snow ni ó kẹ́yìn, pẹ̀lú okùn aláràbarà tí wọ́n gbà mọ́ ọn láyà. Ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ ìta, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì jókòó.

“Come on, baby,” ni Mọ́mì Snow wí. Snow wò ó. Obìnrin náà tún un wí, ó sì fi imú díẹ̀ kún un. Èmi tí mo dúró ti àwọn ìkòkò òdòdó mi fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, mo ní, “Dìde, ọmọ ajá.” Ni Dádì Snow bá yára wá bá mi, ó sì fi ọ̀wọ̀ dá mi lẹ́kun: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, a kì í bá a sọ Yorùbá, kí èdè má baà dàrú mọ́ ọn lórí.” Ọ̀rọ̀ kan náà tí ó sọ fún mi nìyẹn nígbà tí Tọ́lá wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta.

Nígbà tí ó ṣe, Snow dìde. Kò lọ síwájú, kò sì padà sẹ́yìn; ó ń yí ẹsẹ̀ Mọ́mì rẹ̀ po, ìyípo kìíní, ìyípo kejì, títí okùn fi di obìnrin náà bí ìdì igi ìdáná, tí ó kù díẹ̀ kí ó ṣubú sínú gọ́tà. Wọ́n tú u. Snow mú okùn náà, ó ń jẹ ẹ́. Wọ́n gbà á lẹ́nu rẹ̀. Alángbá kan yọ ní ẹsẹ̀ ògiri mi, ó mi orí sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn àgbà ní ajá ìwòyí ni í mọ ehoro ìwòyí lé. Ajá ìwòyí tiwa rí alángbá, ó sá sáàárín ẹsẹ̀ Mọ́mì, ó sì tọ̀ sórí bàtà kánfáàsì funfun.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Snow gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú, ó gbé òsì ẹ̀yìn, ó gbé òsì iwájú, kíákíá kíákíá, bí ẹni tí onílù bàtá ká mọ́ ojú agbo. Tọ́lá pariwo pé ó ń jó, ó sì sún mọ́ ọn kí fóònù lè gbà á dáadáa. Fídíò náà ti dé ibi gbogbo báyìí. Àbúrò mi obìnrin tí ó ń gbé ní London fi ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n wo ajá tí ó mọ ijó. Àbúrò mi yìí náà ní ajá. Inú fúláàtì tí kò ní àgbàlá ni wọ́n jọ ń gbé, nítorí náà ó ń mú un jáde ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, òjò ìbáà rọ̀, òtútù ìbáà máa gé ènìyàn létí, kò sì sí ẹni tí ó ń yà á ní fọ́tò. Ibẹ̀ ni a ti kó àṣà náà wá, ṣùgbọ́n fọ́tò nìkan ni a rà. A fi òjò sílẹ̀ fún wọn. Àgbàlá ilé Snow tó gbá bọ́ọ̀lù.

Láti ibi ijó yẹn ni ìrìn ti di gbígbé: wọn á gbé e, wọn á sọ ọ́ kalẹ̀ fún fọ́tò, wọn á tún gbé e. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n ránṣẹ́ mú ọ̀já wá.

Ní ẹ̀gbẹ́ òpó iná kejì tí wọ́n ti sọ ọ́ kalẹ̀ ni ó ti yàgbẹ́, ibẹ̀ sì ni mo ti mọ̀ pé mo ti dàgbà. Ní agbo ilé tí wọ́n ti tọ́ mi ní Ìbàdàn, bí ọmọ ọwọ́ bá yàgbẹ́ sílẹ̀, ìyá rẹ̀ kì í dìde; ajá ni í pè, ajá a sì dé tayọ̀tayọ̀, a gbá ilẹ̀ náà mọ́, nígbà mìíràn a bá wọn nu ìdí ọmọ pàápàá. Àdéhùn tí ó wà láàárín ènìyàn àti ajá nìyẹn, n kò sì gbọ́ pé èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì ṣàròyé. Wàyí o, mo dúró, mo ń wo obìnrin tí ó ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì méjì, tí ó jẹ́ pé ọmọ ọ̀dọ̀ ni ó kó gbogbo ìgbẹ́ Tọ́lá, tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí ọ̀dà gbígbóná, tí ó fi ọ̀rá tí ń ta sánsán bí òdòdó kó ìgbẹ́ ajá, tí ó sì fara balẹ̀ so ẹnu rẹ̀. Mi ò ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ o. Èmi náà a máa gba ìdí òpó yẹn kọjá lálẹ́. Nígbà tí kò rí ibi dà á sí, ó nà án sí dírẹ́bà, dírẹ́bà sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn ìnáwó.

Málàmù tí ń ṣọ́ géètì ńlá ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́ nígbà tí ìwọ́de dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó rí itọ́ tí ń kán lẹ́nu Snow, ó rí i pé ọmọ ajá náà ń bọ̀ wá kí òun, ó fi bútà sílẹ̀, ó sì gun orí àga. Mọ́mì Snow ní kí ó má bẹ̀rù, pé kì í géni jẹ. Kì í ṣe eyín ni Málàmù ń sá fún. Àlùwàlá rẹ̀ ni ó ń dáàbò bò.

Wọn ì bá ti ibẹ̀ padà, ṣùgbọ́n fọ́tò tí ó ní igi àgbọn lẹ́yìn ṣì kù, ìta géètì ni igi àgbọn náà sì wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn mẹkáníìkì. Ọmọ Ògún ni mẹkáníìkì, ẹ sì mọ ohun tí Ògún ń jẹ. Gbogbo wọn fi sípánà sílẹ̀. Bingo, ajá ìbílẹ̀ pupa tí ẹnikẹ́ni kò mú rìn rí, ṣùgbọ́n tí ó ń dá lọ dá bọ̀ láàárín ìyá alámàlà àti àwọn mẹkáníìkì lójoojúmọ́, tí í wo ọ̀tún wo òsì kí ó tó sọdá títì márosẹ̀, dìde lábẹ́ ọkọ̀ tí ó dùbúlẹ̀ sí, ó gbóòórùn Snow nídìí, ó sì padà lọ dùbúlẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn mẹkáníìkì náà, ọmọ Oǹdó, béèrè ohun tí ajá yìí ń jẹ. Mọ́mì Snow ní oúnjẹ inú àpò ni, láti òkè òkun, ẹran màlúù àti ìrẹsì ni wọ́n fi ṣe é. Ọmọkùnrin náà wo ẹ̀wà tí ó wà nínú abọ́ tirẹ̀. Ó tún béèrè pé bí ó bá dàgbà tán, kílò mélòó ni yóò tó? Inú Mọ́mì Snow dùn pé òun ti rí ẹnì kan tí ó fẹ́ràn ẹranko. Ó ní akọ husky lè tó kílò 27. Ọmọ Oǹdó mi orí jẹ́ẹ́jẹ́, ó gbé itọ́ mì, ó ní, “Ẹ máa tọ́jú ẹ̀ dáadáa o, Mọ́mì.”

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, àwọn tí ó kí Snow kú oríire lórí WhatsApp wa ju àwọn tí ó kí mi nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà lọ.

Oṣù méjì ti kọjá. Ọlọ́run ṣàánú, parvo kò mú un, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì ti pé. Mọ́mì Snow kò tíì mú un jáde láti ọjọ́ náà. Orúnkún ń dùn ún, fọ́tò sì ti tó. Dírẹ́bà ni iṣẹ́ já lé lọ́wọ́. Ní ìdájí àná, ní nǹkan bí aago mẹ́fà, tí ọ̀dà ṣì tutù, mo pàdé àwọn méjèèjì lẹ́bàá òpó kejì. Okùn dẹ̀, ajá ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí agbòòrùn, kò sí fóònù. Dírẹ́bà dúró láti kí mi. “Sínóò, jókòó,” ni ó wí, kò tilẹ̀ wo ilẹ̀. Ajá náà jókòó. “Ó káre. Bọ Bàbá lọ́wọ́.” Ajá náà gbé ọwọ́ sókè sí mi. Ni dírẹ́bà bá bojú wo ọ̀nà ilé, ó rẹ ohùn sílẹ̀: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má jẹ́ kí Mọ́mì mọ̀ pé ó ti ń gbọ́ Yorùbá.”