Ẹ Kú Ìnáwó o, Ẹ̀yin Awakílámù Ìgbàlódé

Fàájì tuntun ti dé. Ẹni tí kò bá tíì wọ bàtà rọ́bà gígùn, kó gbé garawa dání, kí wọ́n sì ya á ní fọ́tò létí òkun, ojú rẹ̀ kò tíì là. Kílámù là ń wà báyìí: ẹran omi tó ń gbé láàárín ìkarahun méjì tó pa dé mọ́ra, tó jókòó jẹ́ẹ́ sínú yanrìn, tí kò bá ẹnikẹ́ni fa nǹkan kan.

Wọ́n ti ra ṣọ́bìrì, wọ́n ti ra réèkì, wọ́n ra àpò àwọ̀n àti fìlà tó bá bàtà mu. Ìwé àkókò omi, èyí tó ń sọ ìgbà tí òkun máa kún àti ìgbà tó máa fà, òun nìkan ni wọn kì í wò, bóyá torí pé ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á sùn dójú ẹ̀, wọ́n á dé lọ́sàn-án gangan, omi á ti kún bo ibi tí wọ́n fẹ́ wà, wọ́n á ní kílámù ti tán. Kò tán o, ó wà lábẹ́ omi, orí rẹ̀ pé. Ìgbà tí òkun bá fà sẹ́yìn là ń wà á, ó sì máa ń fà jìnnà jù nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti nígbà tí òṣùpá bá ràn mọ́jú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á ti débẹ̀ ní wákàtí kan sí méjì kí omi tó fà tán. Ẹni tó kẹ́yìn sí òkun nítorí fọ́tò, ìgbì á bá a dá sí i.

Ẹ wá wò wọ́n lórí yanrìn. Kílámù gígùn tín-ín-rín máa ń fi àmì sílẹ̀: ihò kékeré, tàbí ojú ibi tó rì wọnú díẹ̀. Aláfẹ́ á rí àmì, á pariwo, á pe ọ̀rẹ́ mẹ́ta wá wò ó, á wá ki ṣọ́bìrì bọ àárín rẹ̀ gan-an. Kàù! Ìkarahun ti fọ́. Íǹṣì 4 sí 6 sí àmì, níhà òkun, ló yẹ kí ojú ṣọ́bìrì ti wọlẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ sì kọjú sókè etíkun. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ ṣánṣán, kí ẹ fi orúnkún kan kúnlẹ̀, ẹ fà á díẹ̀ kí yanrìn lè tú, ẹ kó yanrìn kúrò lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ wá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kíákíá ni o! Ẹsẹ̀ ni kílámù fi ń gbẹ́lẹ̀ lọ sísàlẹ̀, kò ní dúró de ẹni tó ń tún ojú ṣe. Ẹ má fà á lọ́rùn, á já. Ìkarahun ni kí ẹ dì mú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń gé èèyàn.

Àwọn ọlọ́lá inú wọn ń lo páìpù. Ihò afẹ́fẹ́ wà lókè rẹ̀. Wọ́n á yí i wọlẹ̀ lójú àmì, wọ́n á fà á jáde, òfìfo! Wọn ò fi àtàǹpàkò dí ihò yẹn, bẹ́ẹ̀ dídí tí a dí i ló ń jẹ́ kí yanrìn àti kílámù bá páìpù wá. Wọ́n á ní páìpù ni kò dáa, wọ́n á lọ ra èyí tó wọ́n jù ú lọ.

Ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, 15 àkọ́kọ́ tí èèyàn bá wà jáde nínú irú gígùn yìí ni tirẹ̀ lójúmọ́, ìbáà kéré, ìbáà fọ́. Ẹgbẹ́ fọ́tò á ju èyí tó fọ́ nù, wọ́n á máa wá arẹwà. Ihò tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀, bíi pé epo rọ̀bì ni wọ́n ń wá, wọn kò ní dí i, òkìtì yanrìn á sì bo àwọn kílámù kéékèèké mọ́lẹ̀ pa.

Tí ìjọba bá ti etíkun pa nítorí májèlé, wọ́n á ní, “A ó sè é jinná.” Iná kò ran májèlé yìí, fíríìsà kò ràn án. Ara ewé omi tí ojú kò lè rí ni kílámù ti ń kó o jẹ, omi sì lè mọ́ gaara kó wà níbẹ̀. Ẹ wo ìkéde kí ẹ tó kúrò nílé.

Nílé, wọ́n á da omi ẹ̀rọ lé kílámù róbótó lórí, wọ́n á dé ọmọrí pa. Omi tí kò níyọ̀ ń pa á, àìrí afẹ́fẹ́ ń pa á. Omi òkun ni kí ẹ fi í sí fún wákàtí díẹ̀, kó lè pọ yanrìn inú rẹ̀ dànù. Èyí tó bá lanu sílẹ̀, tí ẹ kàn án tí kò pa á dé, ti kú. Ẹ jù ú nù, kódà bó jẹ́ òun ló yọ jù nínú fọ́tò.