Onímọ̀ Ẹ̀rọ Tí Ó Ń Ru Ìgò

(Iwájú ilé kan ní Ìjòkà, ní Àkúrẹ́, ni Ìyá Dáyọ̀ ti ń ta mínírà. Dáyọ̀, ọmọ rẹ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Berlin, wá lo ìsinmi. Bàbá onílé náà wà ní ìjókòó, ó ń mu ohun tutù tí kò tíì sanwó rẹ̀, ẹni tí ó bá sì mọ̀ ọ́n kò ní retí pé yóò san án.)

ÌYÁ DÁYỌ̀: Dáyọ̀, mo fẹ́ gbọ́ àlàyé kan lẹ́nu rẹ. Nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, àpò ńlá méjì tí ó kún fún òfìfo ike ni o gbé kọ́ èjìká, èmi sì ti fi fọ́tò náà han gbogbo Ọjà Ọba kí n tó fara balẹ̀ wo ohun tí ó wà nínú àpò. Ṣé iṣẹ́ ẹ̀rọ tí o lọ ṣe ní Jámánì nìyẹn?

DÁYỌ̀: Ẹ má bínú, Màámi. Bí ènìyàn bá ra omi inú ike níbẹ̀, wọn yóò gba sẹ́ńtì 25 lé e lórí; bí ó bá dá ike náà padà sí ilé ìtajà, yóò tì í bọ ẹnu ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ náà yóò sì fún un ní ìwé tí yóò fi gba owó rẹ̀. Ti ọ̀pọ̀ ìgò bíà kò ju sẹ́ńtì 8 lọ. Ọ̀gá wa pàápàá ń kó tirẹ̀ lọ.

BÀBÁ ONÍLÉ: Ọ̀gá tí ó ní mọ́tò?

DÁYỌ̀: Inú mọ́tò náà ni ó ń kó wọn sí, Bàbá.

ÌYÁ DÁYỌ̀: Owó ìgò ni wọ́n ń gbà! Ohun tí èmi ti ń gbà kí ike tó gbòde rárá nìyẹn, tí àwọn kan ládùúgbò yìí fi ń pè mí ní ahun. (Ó wo Bàbá onílé.) Ẹnìkan ṣì jẹ mí ní ìgò mọ́kànlá.

BÀBÁ ONÍLÉ: Dáyọ̀, ṣé wọ́n mọ ènìyàn kí?

DÁYỌ̀: Ó rú mi lójú, Bàbá. Nínú iyàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà, ẹni tí ó bá wọlé yóò kí gbogbo ilé, wọn yóò dáhùn, kálukú yóò sì tún panu mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jókòó ti ẹni yẹn kan náà nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, kò ní wo ojú yín títí ẹ ó fi sọ̀ kalẹ̀. Kò sí géètì ní ibùdókọ̀ ọ̀hún, kò sì sí agbowó-ọkọ̀.

BÀBÁ ONÍLÉ: Ta wá ni ó ń sanwó?

DÁYỌ̀: Gbogbo ènìyàn ni, nítorí pé ẹni tí ó ń tẹ fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lè jẹ́ ayẹ̀wéwò tí kò wọ aṣọ iṣẹ́, yúrò 60 sì ni owó ìtanràn ẹni tí kò bá ní tíkẹ́ẹ̀tì.

ÌYÁ DÁYỌ̀: Wọn ò ṣe ní sá fún ojú ara wọn!

DÁYỌ̀: Màámi, ẹ rántí pé ẹ gbàdúrà ọjọ́ ìbí fún ọ̀gá mi lórí fóònù nígbà tí ọjọ́ náà kò tíì pé. Orí burúkú ni wọ́n ka irú rẹ̀ sí.

ÌYÁ DÁYỌ̀: Èèwọ̀! Ó kúkú ṣe àmín.

DÁYỌ̀: Èmi ni mo ní kí ó ṣe é. Kò mọ ohun tí ó ń ṣe àmín sí.

BÀBÁ ONÍLÉ: Ọjọ́ Ìsinmi wọn ńkọ́?

DÁYỌ̀: Ilé ìtajà tó ń ṣí lọ́jọ́ náà kò pọ̀. Ènìyàn kò tilẹ̀ gbọdọ̀ ju ìgò sínú àpótí ìgò ìta, nítorí ariwo rẹ̀. Láàrin ọ̀sẹ̀ pàápàá, láti agogo mẹ́wàá alẹ́ títí di agogo mẹ́fà òwúrọ̀, ariwo kò gbọdọ̀ dí aládùúgbò lọ́wọ́ oorun.

BÀBÁ ONÍLÉ: (Ó dìde fùú.) Òfin nìyẹn! Láti alẹ́ òní lọ, ayálégbé kankan kò gbọdọ̀ gún iyán, kọrin, tàbí ṣe àìsùn nínú ilé mi lẹ́yìn agogo mẹ́wàá.

ÌYÁ DÁYỌ̀: Jẹnẹrétọ̀ yín tí ó ń bú lábẹ́ fèrèsé mi di ìdájí ńkọ́?

BÀBÁ ONÍLÉ: Ìyá Dáyọ̀, ayálégbé ni òfin mi bá wí. Ṣé jẹnẹrétọ̀ ń san owó ilé ni?