Èsì wa sí oníbàárà tó fún ìwé apànìyàn yẹn ní ìràwọ̀ 2

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú ilé o. Mo ti ka ohun tẹ́ẹ kọ nípa ìwé tẹ́ẹ rà ní sọ́ọ̀bù wa ní Lágere. Ẹ ní ìtàn apànìyàn la pè é fún yín, ẹ wá ṣí i, àwọn òyìnbó kàn ń gbé fóònù rìn kiri nínú igbó, wọ́n ń wá ike tẹ́nìkan fi pamọ́ sídìí igi, ẹ tún ní irọ́ ni, pé ta ló máa gbé nǹkan sílẹ̀ fẹ́ni tí ò mọ̀ rí.

Ẹ má bínú, àṣìṣe wa wà níbẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́ sórí WhatsApp pé ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn láti ojú ìwé àkọ́kọ́, kò sì rí bẹ́ẹ̀, ó pẹ́ kí òkú tó jáde. Mo ti yọ ọ́ kúrò.

Àmọ́ eré yẹn kì í ṣe irọ́ rárá. Geocaching lorúkọ ẹ̀. Ọjọ́ 2 oṣù May ọdún 2000 nìjọba Amẹ́ríkà yọ nǹkan tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ń da GPS aráàlú (ohun tó ń fi sátẹ́láìtì wá ibi tèèyàn wà) rú, ló bá di pé ó ń júwe ibi tèèyàn wà dáadáa, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Dave Ulmer gbé bákẹ́ẹ̀tì kan sínú igbó nítòsí Beavercreek ní Oregon, ó kó ìwé, owó, kànnàkànnà àti agolo ẹ̀wà sí i, ó sì gbé nọ́ńbà tí GPS fi ń júwe ibẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láàárín ọjọ́ 3, èèyàn 2 ti débẹ̀. Ẹni bá mú nǹkan á fi nǹkan míì rọ́pò, á sì kọ ọ́ sínú ìwé tó wà níbẹ̀.

Ibi tẹ́ẹ ní ó sú yín jù, níbi tí ọlọ́pàá yẹn ti ń pòòyì ìdí igi kan ṣáá, ibẹ̀ gan-an lèmi fẹ́ràn jù. Ní Sátidé, ọmọ tó ń bá mi jókòó sọ́ọ̀bù fi agolo Milo pamọ́ sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé, ó wá fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀. Fóònù ní mo ti dé, ìdí táńkì omi ni mo dúró sí, ó ku bí ìṣísẹ̀ 10! Tí ewé bá ti ṣú borí báyẹn, ohun tó ń bọ̀ láti sátẹ́láìtì kì í wọlé dáadáa, ọwọ́ lèèyàn á fi máa tú koríko. Àyà mi ń já bí mo ṣe ń tú u, agolo Milo ni mo sì ń wá o, ká má tíì sọ ohun tápànìyàn gbé síbẹ̀.

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kan ní Iléṣà kà á tán lóru 2, ó ní irú nọ́ńbà tóun fi ń sàmì sí igun ilẹ̀ nìyẹn, pé látìgbà yẹn òun ò lè rí i lásán mọ́. Màmá kan ní tiwọn ní àwọn ti dá apànìyàn yẹn mọ̀ kí ìwé tó dé àárín, mi ò bá Màmá jiyàn, òǹkọ̀wé yẹn tètè tú àṣírí ẹ̀ lóòótọ́.

Tójú ìwé ẹ̀ ò bá ti ya, ẹ gbé e bọ̀, ẹ mú òmíì tówó wọn bára mu. Mẹ́rin ló kù lórí pẹpẹ, mo ti ń fi ìwé pélébé tó ṣàlàyé eré yẹn há inú wọn. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ tó gbé e wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ibi ìdí igi yẹn kà, lálẹ́ tílé bá pa rọ́rọ́.