Ẹ Gba Pàṣán Kúrò ní Jẹ́lé-ó-sinmi

Ọmọ ọdún mẹ́rin kan ń bú ramúramù nítorí pé ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ọkọ̀ ìṣeré tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àǹtí fi pàṣán lu tábìlì, kíláàsì sì pa rọ́rọ́. Òbí tí ó bá yọjú lójú fèrèsé lásìkò yẹn yóò ní àwọn ọmọ yìí gbẹ̀kọ́. Èrò tiwa ni pé pàṣán ni ó kó wọn níjàánu, wọn kò tíì mọ bí a ti ń kó ara ẹni níjàánu rárá. Bí Àǹtí bá jáde lọ gbé fóònù, ìjà ọkọ̀ yóò tún bẹ̀rẹ̀.

Kí ọmọ lè dúró kí nǹkan kàn án, kí ó lè sọ pé inú ń bí òun dípò kí ó gé ẹlòmíràn jẹ, apá iwájú ọpọlọ ni iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀, apá náà kì í sì í gbó tán títí ènìyàn yóò fi lé ní ogún ọdún. Àṣetúnṣe ni í mú un le, kì í ṣe ìbẹ̀rù. Àwọn onímọ̀ tí ó tẹ̀lé ọmọ bíi 1,000 tí a bí ní ìlú Dunedin, ní New Zealand, láàárín 1972 sí 1973, kọ ọ́ ní 2011 pé àwọn tí ó lè kó ara wọn níjàánu ní kékeré ni ara wọn le jù, tí ọ̀rọ̀ owó wọn sì gún jù, nígbà tí wọ́n pé ọdún 32. Wọ́n yọ ti ọrọ̀ ilé àti ti ọpọlọ pípé kúrò nínú ìṣirò, ó ṣì rí bẹ́ẹ̀.

A kò ní láti ra nǹkan kan láti òkè òkun. Ẹ wo eré bojúbojú. Ẹni tí a bò lójú ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń sá kiri, ó ń wù ú kí ó ṣíjú, kò sì gbọdọ̀ ṣí i; ẹni tí ó sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà tú u fó. Ta ni ó na ẹnikẹ́ni nínú wọn? Nínú àlọ́ àpamọ̀ pẹ̀lú, ẹni tí ó mọ ìdáhùn ní láti mú sùúrù kí ẹni tí ó kàn kọ́kọ́ gbìyànjú, èyí tí àwa àgbà gan-an kì í lè ṣe ní ìpàdé.

Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà pàápàá ti sọ ọ́ tipẹ́ pé eré ni kí a fi kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n lójú òbí tí ó san owó gọbọi, eré a máa dà bí ìwà ọ̀lẹ. Ìwé tí ó kún fún máàkì ni ó fẹ́ rí lálẹ́.

Àwọn kan yóò ní kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀ka ni òwe náà ní kí a pẹ̀, kò ní kí a lu igi. Olùkọ́ tí ó lóṣòó ti ọmọ tí ó sì wí pé, “Mo rí i pé inú ń bí ọ. Mú ọwọ́ kúrò lára rẹ̀, tí ó bá ṣe tán, ìwọ ni ó kàn,” ti bá a wí, ó sì ti fi ọ̀rọ̀ tí yóò lò lọ́la sí i lẹ́nu.

A ń fẹ́ kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ka pàṣán léèwọ̀ ní gbogbo kíláàsì tí ó ṣáájú alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti ìjọba àti ti aládàáni, kí alábẹ̀wò sì máa béèrè ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré kí ó tó béèrè ìwé wọn. A mọ̀ pé olùkọ́ kan ṣoṣo tí ogójì ọmọ wà níwájú rẹ̀ kò lè lóṣòó ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, kí owó olùrànlọ́wọ́ kíláàsì ṣáájú owó ọ̀dà ògiri nínú ìsúná tí ń bọ̀.