Ooru Kọ́ Ló Ń Pa Òdòdó Yín

Ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ: “Òdòdó gidi kì í pẹ́ l'Ékòó, ẹ lọ ra ti rọ́bà ní Balógun.” Àkọ́rọ̀ òjò ti rọ̀, ixora ti pupa yòò lára ọgbà ní Surulere, ẹ wá lọ ń nu eruku lára ike ní pálọ̀. Ooru Èkó mú lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ tí ẹ fi ń mú òdòdó yẹn ló kọ́kọ́ ń pa á.

Aago 12 ọ̀sán lẹ ń gé e. Omi ti tán lára rẹ̀ nígbà yẹn. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ gé e, kí oòrùn tó ta, kí ẹ sì gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi dání lọ sídìí igi. Kété tí ẹ bá ti gé e ni afẹ́fẹ́ ń wọ ihò tóóró tí omi ń gbà gòkè, ó sì ń dí i. Torí náà, bí ẹ bá wọlé, ẹ ki ìdí rẹ̀ bọ omi, kí ẹ tún gé íǹṣì 1 kúrò lára rẹ̀ nínú omi náà níbẹ̀, kó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọ̀bẹ tó mú ni o! Sísọ́ọ̀sì kíkú tí ẹ fi ń gé ọ̀rá, ṣe ló máa tẹ ihò yẹn pa.

Gbogbo ewé tó bá máa wọnú omi, ẹ já a dànù. Tó bá ti rà, kòkòrò tí ojú ò lè rí á kún ibẹ̀, wọn á dí ihò yẹn padà, omi á wá máa rùn bí omi fùfú. Lítà omi 1, ẹ fi ṣúgà ṣíbí tíì 1 sí i, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí tíì 2, bílíìṣì ìdajì ṣíbí tíì. Ẹni tó bá fi ṣúgà nìkan sí i, kòkòrò ló ń bọ́. Omi kànga ẹ̀rọ (borehole) tó bá níyọ̀ lẹ́nu, ẹ má lò ó. Ẹ máa pààrọ̀ omi lójoojúmọ́, kí ẹ sì gbé jọ́ọ̀gì náà jìnnà sí fáànù àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń pọ́n: afẹ́fẹ́ tí èso ń tú jáde bó ṣe ń pọ́n máa ń mú òdòdó tètè rọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo fídíò London, òdòdó daffodil tí wọ́n ń gé lóṣù kẹta lọ́hùn-ún, omi yíyọ̀ ìdí rẹ̀ máa ń ba òdòdó tulip tí wọ́n bá kó o pọ̀ mọ́ jẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ dá daffodil nìkan rẹ sómi fún wákàtí bíi mélòó kan. Òdòdó frangipani tiwa náà ní oje funfun. Ẹ ki ìdí rẹ̀ bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá 20, kí oje náà dá, ẹ má sì jẹ́ kó ta sí yín lójú.

Títò ò le. Ewé croton ni kó kọ́kọ́ wọlé, kí igi wọn kọ́ ara wọn, ìyẹn ni yóò di ìyókù mú. Òdòdó heliconia wúwo, jọ́ọ̀gì fífúyẹ́ á dojú dé. Èyí tí kò bá sì tíì là nígbà tí ẹ gé e, kò ní là mọ́. Ixora ni kó bo ẹnu jọ́ọ̀gì.

Hibiscus nìkan ni mi ò tíì rí èsì rẹ̀ fún àwọn oní-rọ́bà. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni púpọ̀ nínú wọn ń lò, ì báà wà lórí igi, ì báà wà nínú omi. Ṣúgà ò ràn án, bílíìṣì ò ràn án. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ó yẹ ká máa gé e rárá.