Ẹ̀dínwó ìparí oṣù kẹsàn-án yẹn, ẹ ṣọ́ra fún un

Ìpolówó ìsinmi gọ́ọ̀fù ní Arizona ti tún gba ojú ìwé mi kan: ẹ lọ ní ìparí oṣù kẹsàn-án, owó ti wálẹ̀, pẹ̀lú àwòrán kóríko tútù yọ̀yọ̀. Inú ń bí mi, torí wọn ò sọ ohun tó fà á tí owó fi wálẹ̀.

Kóríko Bermuda ló wà lórí ọ̀pọ̀ pápá ibẹ̀. Ooru ló fẹ́ràn. Tí òtútù bá ti dé, ṣe ló máa ń sùn, á sì gbẹ. Kí pápá lè tutù nígbà tí àlejò bá pọ̀, wọ́n á gé Bermuda mọ́lẹ̀ dáadáa láàárín oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, wọ́n á fọ́n irúgbìn ryegrass, kóríko tó fara da òtútù, lé e, wọ́n á wá máa bomi rin ín léraléra lójúmọ́. Ọ̀pọ̀ pápá máa ń tilẹ̀kùn fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Tí wọ́n bá ṣí i padà, ilẹ̀ ṣì rọ̀, ọkọ̀ gọ́ọ̀fù kò gbọdọ̀ kúrò lójú títì. Ẹsẹ̀ lẹ ó fi máa rìn lọ síbi bọ́ọ̀lù, pẹ̀lú igi ìgbábọ́ọ̀lù 3 tàbí 4 lọ́wọ́, torí ẹ ò tíì mọ èyí tẹ́ ẹ máa lò.

Ti gíríìnì, ibi tí kóríko ti kúrú jù tí ihò bọ́ọ̀lù wà, tún wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ èèyàn máa ń ki ilẹ̀ pọ̀, gbòǹgbò ò ní rí afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ á wá fa ihò kéékèèké káàkiri, wọ́n á da yanrìn sí i. Iṣẹ́ tó yẹ ni, àmọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ 2 bọ́ọ̀lù á máa ta kiri ni, kò ní yí geere.

Àwọn kan sọ pé oòrùn ni kéèyàn máa tẹ̀ lé, àmọ́ Dubai máa ń kọjá 40°C ní oṣù keje. Ní St Andrews, ní Scotland, oṣù kẹfà ni kẹ́ ẹ lọ: ilẹ̀ kì í ṣú títí di nǹkan bí aago 10 alẹ́. Láti oṣù kọkànlá sí ìkẹta, orí ẹní kékeré lẹ ó ti máa gbá bọ́ọ̀lù lórí fairway (kóríko gígé tó lọ dé gíríìnì) ní Old Course, pápá olókìkí ibẹ̀, kì í sì í sí gbígbá níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú.

Kẹ́ ẹ tó san owó àsansílẹ̀, ẹ kọ̀wé sí pápá fúnra rẹ̀, kì í ṣe sí ẹni tó ń ta ìrìn àjò. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa fọ́n irúgbìn, ọjọ́ tí wọ́n máa fa ihò gíríìnì, àti ìgbà tí ọkọ̀ máa padà sórí kóríko. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ 3 kún ọjọ́ tí wọ́n bá sọ, kẹ́ ẹ tó lọ. Fún Arizona, àárín oṣù kọkànlá ni èmi fara mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó á ti gbéra. Àmọ́ tí ooru bá pẹ́ kó tó lọ, Bermuda ò ní tètè sùn, ryegrass á máa bá a du ilẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n sọ fún yín sì lè yẹ̀.