Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran

Àwọn àgbà ló sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó bá mu tó obìnrin tó ń ṣe fíìmù torí iṣẹ́ ẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹ wò ó lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ya fíìmù, omijé ń dà pòròpòrò lójú ẹ̀, imú ẹ̀ ti pọ́n, èèyàn á rò pé ayé ti bà jẹ́ fún un, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí téépù tí wọ́n lẹ̀ mọ́lẹ̀ wà tó gbọ́dọ̀ dúró lé, kò ní fi òjìji ẹ̀ bo ẹni tí wọ́n jọ ń ṣeré, tí dáríkítọ̀ bá sì ní kí wọ́n tún un ṣe, ọwọ́ tó fi nu ojú lẹ́ẹ̀kan náà ló máa fi nù ún.

Ohun tó wá ń yà mí lẹ́nu ni pé ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ìwé àdéhùn síwájú obìnrin yìí kan náà, omijé ayọ̀ á fọ́ ọ lójú. Àti olórin àti òṣèré o. Ó ti ń wá ẹni tó máa gbé e jáde tipẹ́, ó wá rí i, ta ló tún fẹ́ máa ka ìwé jàǹkànjàǹkàn? Á sáìnì, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí.

Ẹ wo TLC, àwọn obìnrin mẹ́ta ará Amẹ́ríkà. Álíbọ́ọ̀mù tí wọ́n gbé jáde ní 1994 tà ju mílíọ̀nù 10 lọ, síbẹ̀ ní 1995 tí rédíò ń lu orin wọn lọ́tùn-ún lósì, kóòtù ni wọ́n wà tí wọ́n ń sọ pé gbèsè ti wọ àwọn lọ́rùn. Owó tí ilé iṣẹ́ rékọ́ọ̀dù ń kó fún olórin lákọ̀ọ́kọ́ kì í ṣe ẹ̀bùn. Owó sítúdíò, owó fídíò, owó ìrìn àjò, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, inú ìwọ̀nba tó kan olórin ni wọ́n sì ti máa ń yọ ọ́, kì í ṣe inú tiwọn. Mánéjà náà á yọ tiẹ̀. Èyí tó bá kù ni tìẹ, ìyẹn tó bá kù.

Ohùn dídùn nìkan ò sì tó. Otis Redding ló ṣe orin "Respect", Aretha Franklin gbà á kọ ní 1967, ó sọ ọ́ di tiẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ṣe orin sílẹ̀ ni rédíò AM àti FM ń sanwó fún, kì í ṣe ẹni tó fẹnu kọ ọ́. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ fún ọmọbìnrin tó bá ń kọrin pé tí wọ́n bá ń hun orin, kó jókòó síbẹ̀, kó dá sí i, kí orúkọ ẹ̀ sì wọ̀wé. Kì í ṣe ojúkòkòrò jàre.

Ti òṣèré burú ju báyìí lọ nígbà kan. Àdéhùn ọdún méje ni Hollywood máa ń ṣe, tí òṣèré bá kọ ipa tí wọ́n fún un, wọ́n á dá a dúró láìsanwó, wọ́n á tún fi àsìkò tó fi jókòó kún ọdún méje ọ̀hún. Òṣèré kan, Olivia de Havilland, gbé ilé iṣẹ́ fíìmù Warner Bros. lọ kóòtù lórí ẹ̀ ní 1943, wọ́n sì dá a láre ní 1944. Ó jókòó sílé fún bí ọdún méjì láìṣe fíìmù, ó dájú pé kò dùn, ṣùgbọ́n lọ́yà ẹ̀ ti fi ohun tó wà nínú òfin hàn án kó tó gbéra.

Tina Turner, olórin ará Amẹ́ríkà, lèmi gba tiẹ̀ jù. Nígbà tí òun àti ọkọ tó ń lù ú kọra wọn ní 1978, orúkọ tó fi ń ṣeré ló ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún òun, ó sì fi ọ̀pọ̀ owó sílẹ̀. Àwọn kan á ní kò gbọ́n. Orúkọ yẹn náà ló fi gbé rékọ́ọ̀dù jáde ní 1984, nígbà tóun fúnra ẹ̀ ti lé ní ẹni 40 ọdún, rékọ́ọ̀dù ọ̀hún sì tà kárí ayé.

Àbúrò mi, tí wọ́n bá gbé ìwé wá, dúpẹ́, kó o mú un lọlé. Wá lọ́yà tìẹ, kì í ṣe èyí tí wọ́n bá ẹ mú wá. Béèrè ẹni tó máa ni máàsítà, ìyẹn ojúlówó orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò, iye ọdún, iye tí wọ́n máa yọ, àti pé tó o bá ń lọ, ṣé orúkọ ẹ máa bá ẹ lọ. Tí wọ́n bá ní àfi kó o sáìnì lálẹ́ yìí, sọ fún wọn pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.